Ta Ló Kọ́ Ọlọ́pàá Yìí Níṣẹ́?

Ẹ̀yin télọ̀ tí ẹsẹ̀ yín wà lórí máṣíìnì, ẹ fetí sí mi. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀ lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá ni mo gbé wá.

Nígbà tí àbúrò mi obìnrin parí ìwé mẹ́wàá, ó ní iṣẹ́ aṣọ rírán ló wu òun. Télọ̀ mẹ́ta ló wà ládùúgbò wa nígbà náà. Ọ̀kan nínú wọn, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n. Bó bá rán aṣọ fún ọ, o kò ní fẹ́ kúrò níwájú dígí. Ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nídìí iṣẹ́. Gbogbo wa ti gbà pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àbúrò mi ń lọ. Màmá mi ní ká dúró ná.

Kí ni màmá mi ṣe? Ó mú aṣọ kékeré kan lọ bá télọ̀ olókìkí yìí, ó ní òun á dúró gbà á. Ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ẹ̀yin rò pé aṣọ ló ń wò? Ọwọ́ ló ń wò. Ẹnu ló ń gbọ́. Báwo ni madam yìí ṣe ń bá ọmọ iṣẹ́ sọ̀rọ̀? Bí oníbàárà bá ti kẹ́yìn, kí ló ń sọ nípa rẹ̀? Ìrépé tó ṣẹ́kù lára aṣọ oníbàárà, ibo ló ń gbé e sí? Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ télọ̀ kejì. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀kẹta. Nígbà tó padà délé, a ní kí ló rí nípa madam olókìkí. Ó ní, "Aṣọ mi, mo lè gbé e fún un. Ọmọ mi, rárá o."

Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wà lọ́kàn yín. A óò padà sídìí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wa lónìí nìyí: ta ló ń kọ́ ọlọ́pàá níṣẹ́? Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń bínú sí ọlọ́pàá. A mọ bí a ṣe ń sọ pé owó oṣù wọn kéré, pé ọkọ̀ wọn kò dára, pé ọ̀gá wọn ni kò ṣe dáadáa. Ìgbà wo lẹ gbọ́ kẹ́yìn kí ẹnì kan béèrè pé: ta ló kọ́ eléyìí? Báwo ni wọ́n ṣe yan olùkọ́ rẹ̀? Kí ni wọ́n fi mọ̀ pé olùkọ́ náà tó olùkọ́ í ṣe?

Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ibi méjì ni ọlọ́pàá ti ń kọ́ṣẹ́. Ó máa kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ ní òfin, ní ìbọn yíyìn, ní bí a ṣe ń gba ẹjọ́ ènìyàn sílẹ̀, ní bí a ṣe ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí ènìyàn lọ́wọ́ láì ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́. Bó bá jáde níbẹ̀, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ ń dán, bàtà rẹ̀ ń dán, kò sì tíì mọ nǹkan kan. Ẹ má bínú, òótọ́ ni. Ẹ bi dókítà. Ẹ bi tíṣà. Ẹ bi mẹkáníìkì. Ìgbà tí wọ́n bá fi í sọ́dọ̀ ọlọ́pàá àgbà kan, tí wọ́n jọ ń jáde, ìgbà yẹn ni ìkọ́ṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá àgbà yẹn ni mo máa pè ní olùkọ́ ojú iṣẹ́.

Ní Amẹ́ríkà, inú ọkọ̀ kan náà làwọn méjèèjì máa ń wà láti ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di òpin. Olùkọ́ ní í sọ fún un pé, yà síbí. Olùkọ́ ní í sọ fún un pé, fi ìyẹn sílẹ̀. Olùkọ́ ní í kọ máàkì. Bí olùkọ́ bá kọ ọ́ pé ọmọ yìí kò tó, iṣẹ́ lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ẹ̀yin ará mi, agbára ńlá nìyẹn. Ọ̀gá àgbà lókè lè má mọ orúkọ ọmọ yìí títí yóò fi fẹ̀yìn tì. Olùkọ́ rẹ̀ mọ ìgbà tó ń bẹ̀rù, ó mọ ìgbà tó ń parọ́, ó mọ ìgbà tí ebi ń pa á.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká lọ sí Minneapolis, ní ìpínlẹ̀ Minnesota.

Ta ni kò rántí George Floyd? Ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2020. Gbogbo ayé ló rí orúnkún tó wà lọ́rùn ọkùnrin náà. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án. Orúkọ ọlọ́pàá tó ni orúnkún, Derek Chauvin, ọmọdé mọ̀ ọ́n. Apá kan wà nínú ìtàn náà tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́. Ọlọ́pàá mẹ́rin ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Méjì nínú wọn, Thomas Lane àti J. Alexander Kueng, ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira ni, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń wí fún ọmọ iṣẹ́ nílẹ̀ wa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá nìyẹn. Àwọn méjèèjì yìí ni wọ́n kọ́kọ́ débẹ̀. Chauvin ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni. Kí sì ni Chauvin jẹ́ sí Kueng? Olùkọ́ ojú iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, nítorí ẹni tó ń da omi sí gààrí lọ́wọ́. Ọkùnrin tó fi orúnkún lé ọrùn ènìyàn títí ènìyàn fi kú, òun ni wọ́n yàn pé kó kọ́ ọmọ tuntun níṣẹ́. Ó ti lo nǹkan bí ọdún 19 lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀sùn tí wọ́n ti fi kàn án ṣáájú ọjọ́ yẹn lé ní mẹ́wàá. Ìwé rẹ̀ wà nínú fáìlì. Wọ́n ṣì gbé ọmọ fún un.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀ lójú títì? Lane béèrè, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, bóyá kí wọ́n yí ọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Chauvin kò gbà. Kueng fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ ọkùnrin náà, ó ní òun kò rí ibi tí iṣan ti ń lù. Chauvin kò kúrò. Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò tì í. Wọn kò fà á. Àwọn bàbá wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, àgbà wà lọ́jà, àgbà fúnra rẹ̀ ló ń wọ́ orí, àwọn ọmọdé sì dúró, wọ́n ń bi í léèrè tìtìjú-tìtìjú.

Nígbà tí ẹjọ́ Chauvin dé kóòtù lọ́dún 2021, Katie Blackwell, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọlọ́pàá ìlú náà nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀, jẹ́rìí pé ohun tí Chauvin ṣe yẹn kò sí nínú ohun tí àwọn ń kọ́ ọlọ́pàá. Mo gbà á gbọ́. Kò sí nínú ìwé. Kò sí nínú kíláàsì. Àmọ́ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tún wà, inú ọkọ̀ ló wà, Chauvin sì ni olùkọ́ ibẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo lẹ rò pé ó wọ ọmọ lára jù? Èyí tí wọ́n kọ sójú pátákó lóṣù mélòó kan sẹ́yìn, àbí èyí tí ojú rẹ̀ ń rí lójoojúmọ́?

Lọ́dún 2022, kóòtù ìjọba àpapọ̀ dá àwọn ọlọ́pàá mẹ́ta yòókù lẹ́bi, wọ́n sì lọ sẹ́wọ̀n. Kueng sọ níwájú kóòtù pé Chauvin ni ọ̀gá òun, òun sì fọkàn tán an. Kóòtù kò gba ìyẹn ní àwíjàre, èmi náà kò bá wọn jiyàn. Ènìyàn ló kú. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọlọ́pàá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà lójú títì lọ́jọ́ náà ló jẹ́jọ́. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tó fi gègé kọ orúkọ Chauvin sí ìwé àwọn olùkọ́ ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ mọ́ wa, ẹ káàbọ̀. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ ọlọ́pàá la ń sọ. A ní kí á tó béèrè ohun tí ọlọ́pàá kọ́, ẹ jẹ́ ká béèrè ẹni tó kọ́ ọ. A ní mímọ iṣẹ́ ṣe lọ́tọ̀, mímọ iṣẹ́ kọ́ ènìyàn lọ́tọ̀. Màmá mi mọ èyí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù télọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yan olùkọ́ yìí níbi tí wọ́n ti fara balẹ̀ sí i?

Ìlú kan wà ní California tí wọ́n ń pè ní San Jose. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, ọlọ́pàá tuntun kan níbẹ̀ fa ìjàǹbá ọkọ̀, ẹ̀mí sì lọ sí i. Wọ́n wá yẹ ìwé ọmọ náà wò. Wọ́n rí i pé kò yẹ kó wà lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá rárá. Àléébù rẹ̀ kò fara pamọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lákọsílẹ̀ kò tó láti fi dá a dúró. Gbogbo rẹ̀ wà lórí ahọ́n, kò sí lórí ìwé. Ọ̀ràn yẹn ló bí ètò olùkọ́ ojú iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ń lò títí dòní.

Ohun tí wọ́n ṣe ní San Jose rọrùn láti sọ. Olùkọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìwé lójoojúmọ́ nípa ọmọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó dé 7, 4 ni gbèdéke. Kò tó kó kọ pé "ọmọ dáadáa ni." Ó gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ọmọ ṣe, ibi tó ti ṣe é, bó ṣe ṣe é. Ọmọ kan kì í sì í jókòó ti olùkọ́ kan títí ìkọ́ṣẹ́ fi parí. Wọ́n á gbé e láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹ rí ọgbọ́n yẹn? Bí olùkọ́ kan bá ní ìwà tó ṣókùnkùn, kò ní rí ọmọ náà kùn tán kí ẹlòmíràn tó gbà á.

Apá tó wù mí jù nínú rẹ̀ ni ìparí. Bí ìkọ́ṣẹ́ bá kù díẹ̀ kó tán, olùkọ́ á bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, á wọ mọ́fítì, á jókòó sínú ọkọ̀ bí ẹni tí wọ́n gbé lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́. Olùkọ́ á dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́ ènìyàn níṣẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé dídákẹ́ yẹn nira ju ọ̀rọ̀ lọ. Ọwọ́ á máa yún ọ. Ẹnu á máa yún ọ. Ẹni tí kò bá lè dákẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe olùkọ́, ọ̀gá lásán ni.

Ní California lónìí, òfin ní ìlànà fún ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí. Ó gbọ́dọ̀ ti ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá ojú títì fún ó kéré tán ọdún kan. Ẹ̀ka rẹ̀ gbọ́dọ̀ yàn án nípa ìlànà tí wọ́n là sílẹ̀, kò kàn lè jẹ́ pé ọ̀gá nawọ́ sí i. Ó gbọ́dọ̀ lọ kọ́ bí a ṣe ń kọ́ ènìyàn, fún wákàtí 40. Lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ máa padà lọ kún ìmọ̀ rẹ̀. Ọmọ tó kọ́ pàápàá máa ń kọ ìwé nípa olùkọ́. Ẹ gbọ́ ìyẹn? Ọmọ náà ń fún ọ̀gá ní máàkì. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ń rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ báyìí. Nílẹ̀ wa, ta ni í jẹ́ bẹ́ẹ̀?

N kò ní fi gbogbo rẹ̀ yìn wọ́n o. Wákàtí 40, ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ kan ni. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ irun dídì ní ìdúró ọkọ̀ wa lo ọdún mẹ́ta kó tó gba òmìnira, ìyá ìyàwó, ìyá ọkọ, gbogbo wọn ló wá jó. Ẹni tó máa kọ́ ènìyàn bí a ṣe ń lo ìbọn láàárín ìlú lo ọjọ́ márùn-ún. Ó kéré. Ìdí nìyẹn tí yíyàn fi ṣe pàtàkì ju kíkọ́ lọ. Ohun tí kò bá sí lára ènìyàn kó tó wọ kíláàsì yẹn, ọjọ́ márùn-ún kò lè fi í sí i.

Kí ló yẹ kí wọ́n máa wò nígbà tí wọ́n bá ń yàn? Bí ẹ bá bi mí, fáìlì rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Ẹ̀sùn mélòó? Irú ẹ̀sùn wo? Lẹ́yìn náà, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ nípa iṣẹ́, ṣé ó yé ènìyàn? Kí wọ́n ní kó dúró níwájú wọn, kó kọ́ wọn ní nǹkan kékeré kan, bí a ṣe ń dá ọkọ̀ dúró láìdẹ́rù ba ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n wo bó ṣe ń ṣe nígbà tí ẹnì kan bá ṣì í gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Inú rẹ̀ ń ru? Àbí ó wá ọ̀nà mìíràn gbé e gbà? Kí wọ́n sì bi í pé kí ló dé tó fi fẹ́ kọ́ ènìyàn. Bó bá jẹ́ torí àjẹmọ́nú nìkan ni, tàbí pé wọ́n ní bó bá ṣe é yóò tètè rí ìgbéga, kó lọ wá ọ̀nà mìíràn.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan ń sọ nílé báyìí. Ó ń sọ pé, ṣé ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kò ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ ni? Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òótọ́ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún àkísà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin télọ̀ tó ń gbọ́ mi, ẹ dá mi lóhùn: ṣé àkísà la fi ń rán aṣọ tuntun?

Ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2021, wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ Chauvin lọ́wọ́. Ní ìlú kékeré kan tó fara kan Minneapolis, Brooklyn Center lorúkọ rẹ̀, àwọn ọlọ́pàá dá ọkọ̀ ọmọkùnrin kan dúró. Daunte Wright ni wọ́n ń pè é, ọmọ ogún ọdún. Obìnrin kan wà nínú àwọn ọlọ́pàá náà, Kim Potter. Ọdún 26 ló ti lò lẹ́nu iṣẹ́. Olùkọ́ ojú iṣẹ́ ni. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìjàkadì dé. Potter pariwo pé Taser ni òun fẹ́ lò, ohun èlò tí wọ́n ṣe láti fi iná mú ènìyàn láì pa á. Ìbọn ló yọ. Daunte kú.

Ẹ̀yin ará, ìyá yìí kì í ṣe Chauvin. N kò fẹ́ kẹ́ ẹ da àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ní àṣìṣe ni, ẹnikẹ́ni tó bá wo fídíò náà á rí i bí ara rẹ̀ ṣe wó lulẹ̀ nígbà tó rí ohun tó ṣe. Wọ́n dá a lẹ́bi lóṣù Kejìlá ọdún náà, ó sì lọ sẹ́wọ̀n. Nígbà tó ń sọ tẹnu rẹ̀ ní kóòtù, ó sọ ohun kan tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ní bó bá jẹ́ pé òun nìkan ló wà lọ́jọ́ yẹn ni, ó ṣeé ṣe kí òun má dá ọkọ̀ náà dúró. Nítorí ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n ṣe dá a dúró.

Ẹ ronú sí i. Kíkọ́ ènìyàn níṣẹ́ àti ṣíṣe iṣẹ́ náà, ẹrù méjì ni, orí kan ló ń rù wọ́n. Ojú kan ń wo ọ̀daràn, ojú kan ń wo ọmọ. Ẹni tó máa ru irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ọdún 26 kò tó ní ìwé ẹ̀rí. Ọwọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ìgbà wo ló dán ọwọ́ náà wò kẹ́yìn? Awakọ̀ ń tún láísẹ́ńsì ṣe. Àwọn ọlọ́pàá kan ń yan olùkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó di oyè ìdílé.

Fún ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ wa: ọlọ́pàá méjì, ìtàn méjì, àdúgbò kan náà, kò tó ọdún kan sí ara wọn. Àwọn méjèèjì ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn méjèèjì ni wọ́n fi ọmọ sí lọ́wọ́. Ta ló kọ́ ọlọ́pàá níṣẹ́? Ọ̀rọ̀ tó wà lórí tábìlì wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wálé wàyí, nítorí ẹ ti ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé mo ti pẹ́ jù lókè òkun.

Ẹ rántí oṣù Kìíní ọdún 2013. Tẹlifíṣọ̀n Channels gbé àwòrán ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá ní Ìkẹjà jáde. Ibùsùn àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́, ilé tó ti ń wó, oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ. Orílẹ̀-èdè gbóná. Ààrẹ Goodluck Jonathan fúnra rẹ̀ lọ síbẹ̀ láti lọ fojú rí i. Mo rántí ibi tí mo wà. Ìdí ìwé ìròyìn ni, pẹ̀lú àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Gbogbo wa ń pariwo. Òrùlé! Ibùsùn! Ẹ̀wà olómi! Inú bí mi débi pé ohùn mi há. Ọjọ́ kejì ni ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé nínú gbogbo ariwo wa, kò sẹ́nì kan nínú wa tó béèrè ẹni tó dúró níwájú kíláàsì. Bí wọ́n bá tún òrùlé ṣe lónìí, ta ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀ tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọ?

Ọlọ́pàá kan tó ti fẹ̀yìn tì ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Mo lọ bá a kí n tó wá síbí. Mo ní, bàbá, nígbà tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n bá gbé ẹnì kan lọ sí ilé ẹ̀kọ́ pé kó lọ máa kọ́ àwọn ọmọ, báwo lẹ ṣe ń kí i? Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "A máa ń bi í pé kí ló fi ṣe ọ̀gá." Ó ní ibi tí owó kò sí, ibi tí ojú kì í tó ènìyàn, ibẹ̀ ni wọ́n ń ju ẹni tí wọn kò fẹ́ rí sí. Ó wá dákẹ́ díẹ̀. Ó ní olùkọ́ tó dára jù tí òun ní, inú rẹ̀ kò dùn fún ọjọ́ kan níbẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀ràn ṣe rí. Ẹni rere wà níbẹ̀, a fi í síbẹ̀ bí ẹni tó jẹ̀bi.

Ẹ tẹ̀lé ọmọ tó jáde nírú ilé ẹ̀kọ́ yẹn dé àgọ́ ọlọ́pàá àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé e lọ. Ara ògiri, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé bélì, ọ̀fẹ́ ni. Ó kà á. Ó ti kọ́ ọ ní kíláàsì. Ó wá dúró sẹ́yìn káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Màmá kan wọlé, ó fẹ́ gba bélì ọmọ rẹ̀. Ẹ̀yin ará mi, ìdánwò dé nìyẹn. Bí àgbà ẹ̀yìn káńtà bá ní, "Màmá, ẹ jókòó, ẹ fọwọ́ sí bébà yìí, ẹ máa mú un lọ," ẹ̀kọ́ kan ti wọlé. Bó bá wo màmá náà láti òkè délẹ̀, tó ní, "Màmá, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni?" ẹ̀kọ́ mìíràn ló wọlé. Kò sẹ́ni tó kọ ìwé yíyàn fún àgbà yẹn. Kò sẹ́ni tó ní olùkọ́ ni. Ọmọ tó dúró tì í ń kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀ síbẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń jiyàn lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀, tí ẹnì kan ní ká ní i, tí ẹnì kan ní ká má ní i, ẹ bá mi bi àwọn méjèèjì léèrè. Ọ̀sán ọjọ́ tí òfin bá gbà á, àárọ̀ ọjọ́ kejì, ta ló ń lọ dúró níwájú àwọn ọmọ wọ̀nyẹn? Ṣé àwọn tí iṣẹ́ àtijọ́ ti kọ́ ní ohun tí à ń sá fún ni? Ta ló ń ṣí fáìlì wọn wò? Nígbà tí wọ́n dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Amọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn lóṣù Kìíní ọdún 2020, ọkọ̀ àti alùpùpù ni gbogbo wa ń wò. Ó dára láti wò ó. Alùpùpù kì í kọ́ ènìyàn níwà.

Àkókò mi ti ń lọ, ọmọ tó wà nídìí ẹ̀rọ ti ń fi ìka hàn mí. Ẹ jẹ́ kí n parí ti télọ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀.

Àbúrò mi kò lọ sọ́dọ̀ madam olókìkí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀kẹta ló lọ, ìyá kan tó jẹ́jẹ́, tí aṣọ rẹ̀ dára níwọ̀nba. Ìyá yìí ní ìṣe kan. Bó bá rán aṣọ tán, á kó gbogbo ìrépé tó ṣẹ́kù, kódà èyí tó kéré bí ìka, á dì wọ́n sínú ọ̀rá, á ta á ní kókó méjì, á fi lé orí aṣọ oníbàárà. Kò sọ fún ọmọ iṣẹ́ kankan pé kí wọ́n máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń ṣe é ni.

Mo yà ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ní ọjọ́ Sátidé tó kọjá, mo lọ gba bùbá mi. Òun kò sí níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ kékeré tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin níbẹ̀, tí kò mọ ìyá yẹn rí láyé, ló gbé aṣọ mi fún mi. Ọ̀rá kékeré kan wà lórí rẹ̀. Mo wò ó. Kókó méjì.

Ẹ bá mi bi ọlọ́pàá tẹ́ ẹ bá pàdé lọ́sẹ̀ yìí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pé ta ló kọ́ ọ níṣẹ́. Kẹ́ ẹ fetí sí ohun tó bá sọ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní àkókò kan náà, ẹ wá rò ó fún mi.